Nígbà Tí Ohùn Bàbá Kò Bá Ọwọ́ Rẹ̀ Mu

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Ìsẹ́yìn. Èmi ni wọ́n máa ń rán sí àwọn àgbẹ̀ láti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa irúgbìn, ajílẹ̀ àti kòkòrò. Àìsàn kan wà lára mi: bí mo bá ti ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti di ọ̀gá nídìí ẹ̀ nìyẹn. Àìsàn yìí ló mú mi sọ níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá ẹni tí yóò ya fídíò bí a ṣe ń gbin iṣu. Èmi fúnra mi á yà á, a ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ lórí Wasáàpù.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo kó jọ: fóònù mi, fóònù ọkọ mi, àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan tí kò ju àpótí ìṣáná lọ. Mo ti kà á níbì kan pé aago gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bára mu, kí ohùn àti àwòrán lè jọ rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo ṣètò wọn títí aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń sọ ohun kan náà. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́, dúró tì mí pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Ṣé o rí i pé aago ẹ̀rọ kékeré yìí kò ní ìṣẹ́jú àáyá? Wákàtí àti ìṣẹ́jú nìkan ló ń fi hàn."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ni mo dá a lóhùn. "Kí ni ìṣẹ́jú àáyá fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ iṣu?"

Ìlú Ìràwọ̀ ni mo forí lé, lọ́dọ̀ bàbá àgbẹ̀ kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí iṣu rẹ̀ lókìkí ní gbogbo agbègbè náà. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ebè ti wà nílẹ̀. Mo gbé fóònù kan kalẹ̀ níwájú Bàbá, mo so ìkejì mọ́ ẹ̀ka mángòrò, mo ti ẹ̀rọ kékeré bọ àpò dàńṣíkí rẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan, mo sáré lọ tẹ èkejì, mo tún sáré padà wá tẹ ẹ̀kẹta.

Bàbá ń wò mí. "Ọmọ mi, ṣé ewúrẹ́ lò ń lé ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ń gún ọkà bàbà lẹ́bàá abà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kígbe: "Ìyá, ẹ dákun, ẹ dúró ná! Ariwo odó yín ń wọ inú ẹ̀rọ."

Ìyá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé ọmọ odó sókè, ó gún un lẹ́ẹ̀kan sí i, gbì!, ó sì lọ jókòó.

Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó kí àwọn àgbẹ̀, kíkí náà sì gùn. Lẹ́yìn náà ó gbé èbù tó dára sókè: "Irú èyí ni kí ẹ gbìn." Ó mú òmíràn tó ti ń ṣomi: "Èyí ti jẹrà. Ẹ sọ ọ́ nù." Nígbà tí mo sáré wọ inú àwòrán láti tún ẹ̀rọ inú àpò rẹ̀ ṣe, ó nawọ́ sí mi, ó ní kí wọ́n kí mi, pé ìjọba ló rán mi wá.

Mo délé, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo fi aago to ohùn mọ́ àwòrán. Irùngbọ̀n Bàbá bo ẹnu rẹ̀ débi pé èèyàn kò lè mọ ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. Mo wo kíkí yẹn, ó dára lójú mi. N kò wo ìyókù. Mo fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá pè mí. "Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún ọ? Wọ́n ń pè mí láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, wọ́n ń pè mí láti Òkakà. Wọ́n ní ṣé mo ti ń ṣarán ni."

Mo sáré ṣí fídíò náà. Ohùn ti fi bí ìdajì ìṣẹ́jú rọ́ sẹ́yìn. Bàbá gbé èbù tó ń ṣomi sókè, ohùn rẹ̀ sì ń sọ tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Irú èyí ni kí ẹ gbìn." Lẹ́yìn náà ni èmi yọ, Bàbá nawọ́ sí mi, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete: "Èyí ti jẹrà. Ẹ sọ ọ́ nù." Títí di òní, àwọn kan wà níbi iṣẹ́ tí kì í pe orúkọ mi mọ́. Èyí-ti-jẹrà ni wọ́n ń pè mí.

Mo pa fídíò náà rẹ́, mo tọrọ àforíjì, mo sì jókòó tì kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ méjì láìrí ọ̀nà gbà. Ọkọ mi ló gbọ́ ọ. "Gbì yẹn ńkọ́? Ibi tí ọmọ odó ti kanlẹ̀ nínú àwòrán, kò yẹ kí ó bá gbì mu?" Mo tò wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n bára mu! Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ìparí, ohùn tún ti yọ̀ díẹ̀, nítorí aago ẹ̀rọ kékeré náà àti ti fóònù kì í sáré bákan náà. N kò sì ní gbì kankan ní ìparí. Èmi náà ni mo lé ẹni tó ni ín.

Mo padà sí Ìràwọ̀, mo kúnlẹ̀ fún Bàbá, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi gún odó lẹ́ẹ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a bá parí.

"Ariwo odó mi kò ní wọ inú ẹ̀rọ mọ́?" ni Ìyá bi mí.

"Kí ó wọ̀ ọ́ dáadáa ni mo fẹ́, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì gún un bí mo ṣe wí.

Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo wo fídíò kejì láti òkè délẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Bàbá tún pè.

"Wọ́n tún ń pè mí," ni ó wí.

"Bàbá, kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́. Èbù ni wọ́n ń wá gbà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó wá láàárọ̀ yìí ló kó èyí tí mo fẹ́ fi parí ebè ti ara mi. Ọmọ mi, má ya òmíràn mọ́."