Ìgò Omi Tí Màmá Mi Máa Ń Fún Mi

Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe ìrìn ló rẹ̀ mí o. Ìrìn kì í rẹ̀ mí. Kí ọkọ̀ gbéra ní Jíbówú ní ìdájí, kí n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni, kí n wọ odò dé orúnkún, ayé mi nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni láti máa bu omi odò káàkiri, ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé mu.

Kí n tó lọ, màmá mi á fa omi nínú kànga ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta, á dà á sínú ìgò fún mi. "Má lọ máa mu omi olómi kiri o." Bàbá mi ló gbẹ́ kànga yẹn kó tó kú. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pọn ọ́n, ìwúrí màmá mi sì nìyẹn.

Tá a bá ń lọ bu omi, a máa ń gbé ìgò omi mímọ́ kan dání lọ bọ̀. Wọ́n á yẹ òun náà wò, ká lè mọ̀ pé ìgò wa ò kó ìdọ̀tí ran omi. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé tèmi sílé, ni mo bá bu omi màmá mi sínú ìgò karùn-ún dípò rẹ̀. Ṣebí omi ilé wa ni?

Ẹni tó ń yẹ omi wò pè mí. "Àǹtí, odò wo lẹ ti bu ìgò karùn-ún? Kòkòrò inú ìgbẹ́ ló kún inú ẹ̀. Ó burú ju gbogbo ìyókù lọ!"

Yéè! Ṣaláńgá ilé kejì wá sí mi lọ́kàn. Àtikékeré ni mo ti ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ojú tì mí débi pé ọjọ́ méjì kọjá kí n tó lè lanu sọ fún màmá mi, àwọn ará àdúgbò sì ń pọn omi lọ.

Màmá mi ò pariwo. Ó ní, "Gbogbo odò tó o lọ bù yìí, o ò rántí ju ìgò kan sínú kànga bàbá ẹ?"

Ó tú okùn kànga, ó fi páànù bò ó, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń bẹ gbogbo ẹni tó gbé garawa dé.

Láàárọ̀ tí mo tún ń lọ, ìgò mi wà lórí tábìlì. Òfìfo ni. "Wàá ra omi lọ́nà," ó ní.

Mo gbé e sínú àpò. Ìrìn rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì dé Jíbówú.