Àpótí Oyin Tí Mo Fọ̀ Láfọ̀jù

Ọmọ ẹgbẹ́ olóyin ni mí ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ tí mo fi wà nínú ẹgbẹ́ láìní oyin kankan. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìjókòó ilé sú mi, mo wọ ẹgbẹ́, wọ́n sì fún mi ní àpótí kan. Lẹ́yìn ilé bàbá alága ni gbogbo àpótí wa wà, lábẹ́ igi máńgòrò, lórí ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀ fún wọn.

A kì í ra oyin. Ìda la máa ń fi ra inú àpótí, a ó fún ewé tíì sí i, a ó wá máa retí kí oyin fúnra wọn wá a wá. Òfin ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló le: àpótí tó bá ṣófo títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, ẹni tó kàn lórí ìwé ni wọ́n á gbé e fún. Aránṣọ kan láti Gowon Estate ló kàn, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí n kò fẹ́ràn rárá lásìkò yẹn.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Àpótí àwọn ẹlòmíì ń kùn, tèmi dákẹ́. Lọ́jọ́ tí a kó oyin, funfun ni gbogbo wa wọ̀, torí oyin kì í fẹ́ aṣọ dúdú. Ẹnì kan tó ń kọjá tilẹ̀ bi wá pé ìjọ wo nìyí, aago mélòó ni ìsìn máa bẹ̀rẹ̀. Bàbá alága fẹ́ èéfín sí àpótí, wọ́n gé afárá oyin, a jókòó sórí ẹní, a ń fi búrẹ́dì gbígbóná jẹ ẹ́, a ń pọ́nwọ́ lá. Ó dùn dé eegun, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí bí mo ṣe ń gbé e mì.

"Bàbá, kí ni mo ṣe fún àwọn oyin yìí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Ó yé mi, sà. Àmọ́ gbogbo Sátidé ni mo ń wá fọ àpótí yẹn."

Bàbá gbé búrẹ́dì wọn sílẹ̀. "Ẹ ń fọ kí ni?"

Mo ṣàlàyé: omi gbígbóná, ọṣẹ, àti oògùn apakòkòrò tí a fi ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Mo sì máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìda tó ti dọ̀tí kúrò. Ta ló fẹ́ kó wọ ilé ìdọ̀tí?

Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Nọ́ọ̀sì! Ẹ ti sọ ilé oyin di ọsibítù! Kòkòrò mà loyin, jàre! Òórùn oògùn yẹn ló ń lé wọn!"

Inú bí mi. Mo ti gbé báàgì mi kí n máa lọ, ni bàbá bá bu ìda tuntun fún mi. Wọ́n ní kí n sá àpótí náà sóòrùn, kí n fi ìda ra inú rẹ̀, kí n má sì dé ibẹ̀ mọ́ títí di ìpàdé tó gbẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn.

Kò rọrùn o. Ní Sátidé, ọwọ́ ń yún mi. Mo fọ gbogbo ìkòkò inú ilé lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ ìpàdé náà, òjò àkọ́rọ̀ ti ṣú. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ọmọ wọn ní Igando dé, wọn kò tíì yẹ àpótí kankan wò. Aránṣọ ti dé ṣáájú mi, ó gbé agolo ọ̀dà dání tó fẹ́ fi kun àpótí.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi o."

Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni.

Bàbá ní kí n fọwọ́ ara mi ṣí i. N kò dúró de èéfín, mo kàn fẹ́ kó tètè parí. Mo gbé ọmọrí sókè díẹ̀, nǹkan kan sì ta mí nímú. Mo pariwo. Nígbà tí mo tún wò, oyin ti bo inú àpótí lọ súà, afárá kékeré funfun kan sì ń rọ̀ láàrin wọn.

A dé e pa, a sá sẹ́yìn. Imú mi ń wú. Aránṣọ gbé ọ̀dà sílẹ̀, ó na èékánná láti bá mi yọ ẹ̀gún oyin náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

"Dúró ná, ọmọ mi. Kọ́kọ́ bá mi yà á ní fọ́tò. Oyin tèmi ló ta mí."