Bẹ́ẹ̀dì Tó Dìde Dúró

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ jù nípa bàbá tí a ń pè ní Orí-Ògiri ni ti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá fóòmù nìkan nílẹ̀ yàrá.

"Olówó orí mi, bẹ́ẹ̀dì wa dà?"

"Ó wà nílé," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn láti yàrá irinṣẹ́. "Ó kàn dìde dúró ni."

Òótọ́ sì ni. Pákó bẹ́ẹ̀dì ti di ògiri, ó tẹ̀ wá síwájú bí ẹni tó fẹ́ wó lu ni, bóòtù onírin àti ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ sì wà lára rẹ̀ kitikiti.

Wẹ́dà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti rí àwọn kan tí wọ́n ń fi àáké méjì gun àpáta, tí ọwọ́ wọn kì í kan òkúta: ẹnu àáké ni wọ́n ń fi kọ́ pàlàpálá rẹ̀. Ó ní òun náà á gùn ún. Ó bèèrè iye tí wọ́n ń ta ògiri ìdánrawò ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì lọ sílé lọ wo bẹ́ẹ̀dì. Ó fi sípíríìnì ọkọ̀ àlòkù rọ àáké méjì tí á máa fi kọ́ àwọn bóòtù náà. Nígbà tó jábọ́ lẹ́ẹ̀kíní, fóòmù náà tẹ̀lé bẹ́ẹ̀dì lọ, ó di ohun tó ń já lé.

Kì í lo téèpù láti wọn àlàfo àwọn bóòtù. Apá tirẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Tíṣà tó ń gbé nítòsí gbìyànjú, ọwọ́ rẹ̀ kò tó bóòtù kejì.

"Ẹ lọ ga díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ padà wá," ni bàbá wí.

Àmọ́ tó bá ti gbéra, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu wa. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, á fi àáké kan ṣoṣo rọ̀, á ju ẹsẹ̀ sókè, á sì dé òkè. Ẹnu yà wá títí tó fi kú.

Àwọn bóòtù kan tò sápá òsì, wọ́n sún mọ́ra, bàbá kì í fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ta ló ni wọ́n?" la bi í.

"Ẹni tó ni wọ́n ni."

Ìyàwó rẹ̀ kì í dá sí i. "Ọjọ́ kan ń bọ̀," a máa wí, "tí màá gba bẹ́ẹ̀dì mi padà."

Lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá tán, ó pe káfíńtà.

"Màmá, èwo ni kí n kọ́kọ́ tú?"

"Ti apá òsì yẹn." Ó nawọ́ láti fi hàn án, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sórí bóòtù gẹ́lẹ́. Ó nawọ́ sí èkejì. Ó tó o. Ẹ̀kẹta náà, bákan náà.

Ìgbà náà ló rántí. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kan ògiri yìí, tí wọ́n bá jọ jókòó, ọkọ máa ń fa apá ìyàwó nà, á fi okùn wọ̀n ọ́n.

"Kí lẹ ń wọ̀n?"

"Mò ń wò ó bóyá o ti kúrú sí i."

Ìyàwó sì gbá ọwọ́ ọkọ dànù.

Níwájú ògiri náà báyìí, màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí káfíńtà lọ kan bẹ́ẹ̀dì tuntun wá. Bí káfíńtà ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà, màmá pè é padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bá mi mú àáké méjì yẹn wá."