Gìtá Ọlọ́wọ́ Òsì

Rédíò ni ó sọ fún mi pé olùkọ́ gìtá mi ti kú. Mo ti wọ aṣọ iléèwé, mo ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà, nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan kéde pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi gìtá kọ orin rọ́ọ̀kì nílùú Èkó ti dágbére fáyé. Ó pe orúkọ wọn ní kíkún, orúkọ tí èmi kì í pè, nítorí Dádì ni mo ń pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó fi orin wọn kan sí i, èyí tí wọ́n gbé jáde nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sunkún, ṣùgbọ́n owú ni ó kọ́kọ́ mú mi. Inú kúlóòsì kan náà, ìyẹn àdúgbò kékeré kan ní Festac, ni èmi àti Dádì jọ ń gbé, síbẹ̀ ẹni tí kò wọ ilé wọn rí ni ó gbọ́ ṣáájú mi. Nígbà tí mo fi máa ti iléèwé dé, iwájú ilé wọn ti kún. Màmá tí ń gbé òdìkejì wà níbẹ̀, àwọn gan-an tí wọ́n máa ń pa fèrèsé wọn dé pinpin tí Dádì bá ti bẹ̀rẹ̀ orin, tí wọ́n á ní orin ayé ni.

"Ẹni ire ni Dádì wa," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń fi etí ìborùn nu ojú.

Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo ń bi ara mi pé ìgbà wo ni wọ́n di Dádì "wa".

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ gìtá lọ́wọ́ Dádì, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ní fáràńdà wọn. Gìtá onípákó kan tí ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ti pa tì ni mo máa ń gbé lọ. Dádì á jókòó kọjú sí mi pẹ̀lú gìtá pupa wọn. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n: ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ okùn, òsì ni wọ́n fi ń ta á. Nítorí náà, bí ẹni tí ń wo dígí ni mo ṣe máa ń wo ọwọ́ wọn, ohun tí mo bá sì rí ni mo máa ń ṣe. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, ìyá àwọn a máa fi ata pa ọwọ́ òsì náà kí àwọn má baà fi jẹun.

"Ata yẹn ni kò jẹ́ kí ó sinmi títí dòní," wọ́n á wí, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

N kò fọwọ́ kan gìtá pupa náà rí. Ọjọ́ kan tí mo na ọwọ́ sí i, Dádì ní, "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò, màdáámù. Ìyàwó mi gan-an kì í fọwọ́ kàn án." Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú. Bí ìyàwó wọn kò bá fọwọ́ kàn án, kò sí ẹni tí ó jù mí lọ nínú ilé yẹn.

Ní ìgbà òjò tí ó gbẹ̀yìn ayé wọn, Dádì kọ orin tuntun kan fún ìyàwó wọn, tí mo ń pè ní Mọ́mì, wọ́n sì kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n má tíì jẹ́ kí Mọ́mì gbọ́, nítorí ní ọjọ́ àyájọ́ ìgbéyàwó àwọn ni àwọn fẹ́ fi ṣe ìyàlẹ́nu fún wọn. Wọn kò dúró de ọjọ́ náà.

Nígbà tí ẹbí dá ọjọ́ ìsìnkú, mo lọ bá Mọ́mì. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí èmi fi gìtá Dádì kọ orin náà níbi ìsìn orin, èyí tí a máa ń ṣe lábẹ́ ìbòrí kánópì nínú kúlóòsì wa ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ìsìnkú. Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tí ń sọ pé Dádì "wa" rí ẹni tí ó ni Dádì.

"Orin wo nìyẹn?" ni Mọ́mì bi mí.

"Èyí tí wọ́n kọ fún yín ni, mà."

"Ó kọ orin fún mi?" Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Wá ní Sátidé. Màá sọ fún ọmọ yẹn náà kó wá."

"Ọmọ wo, mà?"

"Ọmọ Amúwo tí ó máa ń wá kọ́ gìtá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣé Dádì ò sọ fún ẹ ni?"

Dádì kò sọ fún mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń lọ gba ẹ̀kọ́ ìṣirò lẹ́bàá Mazamaza. Bí mo ṣe ń wá iye tí x jẹ́ níbẹ̀, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga mi.

Ní Sátidé, ó ti dé ṣáájú mi. Ó ga, ó dirun kékeré, ó sì ń jẹ pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí Mọ́mì dín bí ọmọ ilé.

"Ṣé ìwọ ni ti Ọjọ́bọ̀?" ó bi mí. "Dádì máa ń sọ̀rọ̀ ẹ gan-an o. Wọ́n ní o máa ń tẹ okùn bí ẹni tó ń pa ìdun."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Dádì ti sọ̀rọ̀ mi fún un, wọn kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi rí.

Mọ́mì gbé gìtá pupa jáde. Èmi ni mo sáré gbà á. Mo gbé e lé itan bí mo ṣe máa ń gbé tèmi, mo ta á, ariwo lásán ni ó jáde. Okùn tí ó nípọn wà nísàlẹ̀, tín-ín-rín wà lókè, kò sì sí ìka mi kan tí ó mọ ilé rẹ̀.

"Ẹnì kan ti yí okùn yìí padà," mo wí.

"Kò sẹ́ni tó yí i," ọmọ Amúwo dáhùn. "Bí Dádì ṣe tò ó nìyẹn. Ti ọlọ́wọ́ òsì ni."

Ó na ọwọ́ òsì, ó gbà á lọ́wọ́ mi lójú Mọ́mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó dún bí ẹni pé Dádì jókòó síbẹ̀. Fún ọdún méjì tí mo fi wo ọwọ́ òsì Dádì, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé gìtá náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti irú èmi ọlọ́wọ́ ọ̀tún.

Àbúrò Dádì, tí wọ́n jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, yọ dígí ojú wọn. "Ọwọ́ òsì kẹ̀? Níwájú àwọn àgbà? Ìyàwó wa, kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Wọ́n á sọ pé ọwọ́ òsì ló ra ilé tí ẹ jókòó sí yìí," ni Mọ́mì dá wọn lóhùn.

Àbúrò Dádì tún mú pọ́ọ̀fù kan.

"Dádì ń jẹ́ kí n lò ó torí kò sí gìtá míì tí mo lè lò," ọmọ náà sọ fún mi jẹ́jẹ́. Àlàyé náà yé mi. Owú mi kò dín kù.

Mọ́mì wá ní kí a mú orin náà. Ọmọ Amúwo wo ojú mi, ó wo ojú Mọ́mì. "Orin wo? N ò gbọ́ ọ rí."

Ọkàn mi fò fún ayọ̀. Ohun kan ṣì wà tí Dádì fún èmi nìkan. Mo ní màá fi gìtá onípákó mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Mọ́mì gbé ọwọ́ lé gìtá pupa.

"Inú èyí ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Kọ́ ẹnìkejì ẹ ní orin náà, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Mo kọ́ ọ. Mo jókòó kọjú sí i, ó ń wo ọwọ́ mi, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣì í. Kò ṣì í. Ohun tí ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀sán méjì ni ó fi mọ̀ ọ́n. Mo fún un ní gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí Dádì ti máa ń dánu dúró kí wọ́n tó mú ìlà tí ó kẹ́yìn, nítorí pé èémí wọn kì í tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìsìn orin, ó jókòó síwájú pẹ̀lú gìtá pupa, èmi jókòó sáàárín àwọn ará kúlóòsì. Nígbà tí ó dánu dúró níbi tí mo ní kí ó dánu dúró, Mọ́mì gbé orí sókè bí ẹni tí a pè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ gbé makirofóònù sún mọ́ ẹnu ọmọ náà. "Ọmọ dáadáa, ta ló kọ́ ẹ?"

"Dádì ni, sà."

Ìbòrí mì fún àtẹ́wọ́. Òótọ́ ni ó sọ. Dádì ni ó kọ́ ọ ní gìtá. Ì bá ṣe pé irọ́ ni, ǹ bá rí ẹni bínú sí. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, mo sì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, bóyá yóò tún sọ nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n pásítọ̀ ti gbé makirofóònù kúrò.