Síkúrù Méjìlá Tí Mo Fún Le

Èmi ni mo ba kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa jẹ́. Kì í ṣe eruku ọyẹ́, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, kì í sì ṣe Bàbá, àgbàlagbà tó ń tẹ̀ ẹ́ fún ìjọ. Ọwọ́ èmi yìí ni, nínú ìsọ̀ mi ní France Road, ní Sabon Gari, lọ́sàn-án gangan.

Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ. Kò rí bíi ti ìsinsìnyí tí wọ́n ti ká ohùn sínú wọn tẹ́lẹ̀. Iná gan-an ló ń kọrin nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀dù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, bí akọrin mẹ́fà tó tò sórí ìlà. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, ohùn kan ṣoṣo ló yadi. Mo rí ojú ibi tó ti já lórí bọ́ọ̀dù kẹrin, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, ó dáhùn. Ká ní mo dé e padà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

Ṣùgbọ́n mo rí àwọn síkúrù wẹ́wẹ́ kan, méjì méjì lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wọn ò ju orí ìṣáná lọ. Ọ̀kan kọjú sósì, èkejì kọjú sọ́tùn-ún, kò sí èyí tó le. Nǹkan pupa kan tún wà lára wọn bí ìdọ̀tí. Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, anpilifáyà àti sitẹbiláísà ni mo kọ́ láti tún ṣe, ohun tí mo sì mọ̀ nípa síkúrù ni pé tó bá dẹ̀, kí a fún un. Mo fún gbogbo wọn títí wọn ò fi lè yí mọ́. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé mo fi ènì kún iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá tẹ̀ ẹ́, ó dún bí ewúrẹ́ mẹ́fà tó ń jà nínú àgbá. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ wa, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, yíjú sí mi.

"Oníṣẹ́, kí lo gbé wá fún wa yìí?"

Mo ní, "Mà, ibi tí mo fọwọ́ kàn dára o. Ẹni tó ti ń tú inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló bà á jẹ́."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń tú u. Ó ti lé lógún ọdún tí Bàbá ti ń tọ́jú kíbọ́ọ̀dù náà. Ó pa iná ẹ̀, ó sì rọra fi aṣọ bò ó. Lọ́sẹ̀ kejì, Ìyá Ìjọ ní kó lọ sinmi, pé àgbà ti dé. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò wá sí ìsìn mọ́.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí n máa gbé kíbọ́ọ̀dù náà lọ, kí n máa yọ inú ẹ̀ fi tún nǹkan mìíràn ṣe. Mo tú u. Oòrùn bọ́ sórí bọ́ọ̀dù láti ẹnu ọ̀nà, ni mo bá rí nǹkan pupa yẹn dáadáa. Kútẹ́ẹ̀sì ni, èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná. Ẹnì kan ti fi fa ìlà tín-ín-rín láti orí síkúrù dé ara ilé rẹ̀. Èmi ti yí i, mo ti já ìlà náà sí méjì. Ta ló ń sàmì sí síkúrù bí kò ṣe ẹni tí kò fẹ́ kó yí? Kì í ṣe ìdè ni wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ohùn ṣe.

Mo yí àkọ́kọ́ padà díẹ̀díẹ̀ títí pupa fi bá pupa pàdé. Mo yí èkejì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn bọ́ọ̀dù náà jáde gbọnrangandan! Mo kígbe débi pé Málàm tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sáré wọlé wá béèrè bóyá àlàáfíà ni: "Lafiya?" Mo ní, "Lafiya lau!" Mẹ́sàn-án padà sípò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lára mẹ́ta tó kù, mo ti ha kútẹ́ẹ̀sì náà dànù. Etí kan ṣoṣo ló mọ ibi tí ìyẹn yẹ kó wà, etí Bàbá ni, ilé ẹ̀ sì wà ní àdúgbò Brigade.

Mo wọ adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lọ síbẹ̀. Bàbá jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde.

"Bàbá, èmi ni mo fún àwọn síkúrù yẹn. Irọ́ ni mo pa mọ́ yín."

"Mélòó lo fún?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

"Haba! Méjèèjìlá? O rò pé táyà tírélà ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tó dákẹ́, ojú ẹ̀ yí padà. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ibi tí ìjọ ti gbọ́ irọ́ ni kí wọ́n ti gbọ́ òótọ́. Dìde. Títí dòní, ìyàwó mi ò tíì dárí kútẹ́ẹ̀sì yẹn jì mí."

Ọjọ́bọ̀ la lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ibo Road. Bàbá ní ibi tó ti máa kọrin ni ká ti tún un ṣe, torí ohùn ẹ̀ ń bá ooru yí, ooru abẹ́ páànù mi kì í sì ṣe ooru ṣọ́ọ̀ṣì. A kì í wọ bàtà wọlé níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi fẹ́ dúró ti iná. Bàbá ju ẹní rọ́bà sí mi.

"Gun orí ìyẹn. Àwa aládùúrà náà, iná ń gbé wa."

A tan kíbọ́ọ̀dù, a sì wò ó níran fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó kọ́kọ́ yá. Mo fi mítà wọn agbára iná tó ń wọ inú ẹ̀, ó pé. Bàbá ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo mú sukudíráfà. Ó tẹ dò ìsàlẹ̀, ó tẹ dò òkè. Nígbà tí ohùn bọ́ọ̀dù tó yẹ̀ àti ti èyí tó dára bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, wọ́n máa ń jà: wàù-wàù-wàù.

"Rọra. Kò ju fífẹ̀ irun orí lọ."

Wàù, wàù. Tí mo bá tún ti òkè ṣe, ti ìsàlẹ̀ á yẹ̀. A lọ, a bọ̀. Àágùn ń wọ̀ mí lójú. Wàù... wàù... Lójijì, ìjà tán. Ohùn méjì di ẹyọ kan, ó dúró bí omi inú àwo.

"Ó tó! Gbé ọwọ́ kúrò kí o tó fún un."

Bí a ṣe ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Bàbá wá tẹ ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbọ̀n mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ti tún nǹkan púpọ̀ ṣe rí ní Sabon Gari. Kò sí èyí tó mú mi fò sókè bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò parí ìwé, òun ló mú bọ́ọ̀dù mẹ́fà kọ orin kan!

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá jókòó sípò ẹ̀. Kò tíì parí ẹsẹ àkọ́kọ́ tí gbogbo ìjọ fi dìde. Àwọn èrò ọ̀nà dúró lójú fèrèsé. Ìyá Ìjọ jó títí ọ̀já ẹ̀ fi tú, ó gba makirofóònù, ó fà mí síwájú.

"Ẹ wo ọmọ yìí! Ohun tí àgbà bà jẹ́, ọmọdé tún un ṣe!"

"Halelúyà!"

Ó fi makirofóònù sí mi lọ́wọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ògo ni f'Ọ́lọ́run," mo sì dá a padà fún un. Bàbá ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó dá orin mìíràn.

Ó ti padà sípò ẹ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tó tún ní kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n tí ìsìn bá parí, wọ́n ṣì máa ń bá a ṣeré pé, "Bàbá, ẹ má tú u mọ́ o!" Òun á ní, "Mo ti gbọ́." Èmi á máa ká wáyà. Mo ti sọ òótọ́ fún un nílé ẹ̀, ìyẹn kọ́ ló ní kí n ṣe. Lójú ìjọ ni mo ti gba orúkọ rere lọ́wọ́ ẹ̀, lójú ìjọ ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè òótọ́ yẹn. Mi ò tíì san án.