Nígbà Tí Ìyá Mi Wọ Bàálù Láti Kánò Lọ sí Jídà

Ẹsẹ̀ ni bàbá tó bí ìyá mi fi gbéra láti Ìlobù lọ sí Mẹ́kà, nígbà tí ìyá mi ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n gbúròó rẹ̀ ní Kánò, wọ́n gbúròó rẹ̀ ní Màídúgùrì, ó parí síbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi, opó tó ń ta obì, sọ pé òun fẹ́ bá tọkọtaya oníṣòwò kan láti Òṣogbo wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fárígá. Òmìnira ò tíì dé nígbà náà, kò sì sí ẹni tó wọ bàálù rí ní agboolé wa.

"Ọ̀nà yẹn ló gbé bàbá wa mì," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "O tún fẹ́ kó gbé ìwọ náà mì?"

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọ̀nà kọ́ ló gbé wọn mì. Jíjìn rẹ̀ ni."

Ó yíjú sí mi. Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìfọ́n. "Ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, báwo ni Kánò ṣe jìn sí Jídà tó?"

N ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, onígbàgbọ́, ọmọ Ìfọ́n. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn àgbà Ìlobù àti Ìfọ́n rẹ́rìn-ín síra wọn, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ò wo ti ìyẹn. Ó na òwú sórí máàpù ara ògiri láti Òṣogbo dé Kánò, ó wá ń fi ìwọ̀n yẹn wọn ọ̀nà lọ títí dé Jídà. Ó lé ní ìlọ́po márùn-ún. Àyà mi já. Ó rí i lójú mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní pápá bàálù Kánò," ó ní. "Sọ fún màmá pé bí wọ́n bá gbéra lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Jídà ni wọ́n á sùn."

Mo jíṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yíjú sí mi.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúà fún àbúrò rẹ̀.

Èmi ni mo sin ìyá mi dé Kánò. A sùn nínú rélùwéè, a jí nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ wa wú, èéfín kún imú wa. Ní pápá bàálù, ó so ìró rẹ̀ le, ó gun àkàsọ̀ bàálù láìwẹ̀yìn. Èmi tí mo dúró nílẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà.

Nígbà tó ti Mẹ́kà dé, ó ní, "Ọ̀nà Kánò ló rẹ̀ mí, ti Jídà ò rẹ̀ mí." Obìnrin kan ń sunkún nínú bàálù pé etí òun ti di, ìyá mi bu obì fún un, ó ní kó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, etí á ṣí. Wọ́n sọ̀ ní Sùdáànì láti bu epo. Nígbà tí wọ́n tún gbéra, ó wo ìsàlẹ̀: yanrìn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, kò sí igi, kò sí omi.

"Ibẹ̀ ni bàbá mi fẹ́ fẹsẹ̀ rìn," ó sọ fún wa. "Ọkùnrin náà láyà." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo tún sìn lọ sí Kánò. Nínú rélùwéè, ó bi mí bóyá bàálù ní fèrèsé. Mo ní ó ní. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.