Orúkọ Méjì fún Àpáta Kan

Láti ìgbà tí màmá mi ti kú ni bàbá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Snellville, lókè òkun. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ráyè, èmi àti àwọn kan tí a mọra lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń fi orúkọ àwọn ibi tí wọn ò tíì dárúkọ kún máàpù ayé kan tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí agbègbè ìlú wa nílé wò lórí rẹ̀. Òkè pọ̀ níbẹ̀ bí ògán, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ò sí lára wọn, àfi bíi pé ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ rí. Ó dùn mí. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá bàbá mi.

Wọ́n wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti ojú ọ̀run yẹn títí, wọn ò dá nǹkan kan mọ̀.

"Ta ló ń ti òkè wo òkè?" ni wọ́n wí.

Ìgbà tí mo fi odò hàn wọ́n ni wọ́n tó rí ọ̀nà. Wọ́n fi ìka tọ odò náà lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lọ sóko. "Ibí ni Asálàfún. Orí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti máa ń sá làfún. Ibí yìí, Ihò Àdán." Nígbà tó kan àpáta tó tóbi jù, ohùn wọn rọ̀. "Apọnmọ nìyẹn."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Douglasville, wá kí wa lẹ́yìn ìsìn. Ìlú tiwọn wà ní òdì kejì àpáta yẹn gan-an. Mo fi máàpù hàn wọ́n.

"Kí ló ń jẹ́ Apọnmọ?" ni màmá béèrè. "Akúnlẹ̀ ni. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n sí Akúnlẹ̀."

"Ẹ má bínú, àna mi," ni bàbá mi wí. "Apọnmọ ni."

"Mi ò bínú, bàbá. Akúnlẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan ẹ̀pà tí mo gbé kalẹ̀. Ọkọ mi rọra yọ́ wọ kíṣìnì lọ.

Nígbà tó ṣe, màmá ní, "Ọmọ wo ló tiẹ̀ pọ̀n?"

"Àpáta kékeré kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ò lè rí i láti ìlú yín. Ìyá tó bí mi kú kí n tó dá ojú wọn mọ̀. Bí mo bá ń sunkún, ìyá àgbà á gbé mi jáde sẹ́yìn ilé, wọ́n á nàka sí àpáta náà. Wọ́n á ní, 'Wò ó, kò tíì sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ o. Èmi náà ò ní sọ ọ́ kalẹ̀.'"

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Màmá fi etí ìró nu ojú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá." Wọ́n kọjú sí mi. "Ìyàwó mi, kọ Apọnmọ."

"Rárá o," ni bàbá mi wí. "Akúnlẹ̀ tiyín ńkọ́? Ta ló ń kúnlẹ̀ fún?"

"Àwọn àgbà wa ní ìyàwó ilé ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń kí." Màmá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. "Kò sì tíì dìde títí dòní."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, débi pé ọkọ mi sáré jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Orúkọ méjèèjì ni mo kọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn lórí máàpù, mo sì fi han bàbá mi lójú fóònù mi. Wọ́n kà á síta, wọ́n ní kí n bá àwọn pe àna àwọn. Mo rò pé ìròyìn máàpù ni wọ́n fẹ́ sọ. Wọn ò mẹ́nu bà á. Wọ́n béèrè bóyá orúnkún tó ń dun màmá ti sàn, wọ́n wá béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe odò kékeré abẹ́ àpáta yẹn lọ́dọ̀ tiwọn.

"Ẹ dúró ná," ni màmá wí. "Ẹ jẹ́ n rántí."

Bàbá mi fa àga sún mọ́ fèrèsé, wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró.